Jọ́nsìn Wo Nìyẹn?

Akọ̀wé tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Agodi
gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní,
"Jọ́nsìn? Jọ́nsìn wo nìyẹn?
Ṣé ti Èkó ni, àbí ti àwọn Sàró?"
Mo ní ti Kúdẹtì ni, ẹ̀bá odò,
ilé tí páànù rẹ̀ dípẹtà ju ti gbogbo aládùúgbò lọ.
Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ bírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
kò kọ nǹkan kan.

Ó yẹ kí n dá a lóhùn dáadáa.

Orí tábìlì ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ orúkọ yìí,
lára ike funfun tó ń rùn bí ọmọ tuntun:
àtíkè Jọ́nsìn.
Mo rò pé bàbá mi ló ni ilé iṣẹ́ náà.
Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, mo tilẹ̀ fi búra,
ni wọ́n bá ń pè mí ní Àtíkè títí mo fi hu irùngbọ̀n.

Èbìkẹ́mẹ, ọmọ Ìjọ tó ń gbé Mọ̀kọ́lá,
ní ní ìlú tiwọn, Jọ́nsìn kì í ṣe ènìyàn.
Ẹ́ńjìnnì ni. Ìdí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń so ó mọ́,
á máa bú ramúramù, á máa ya omi bí aṣọ.
"Jọ́nsìn wa ti kú láti Kérésì," ó ní,
ó sì bá mi kẹ́dùn.

Mo lo ọdún méjì ní Sókótó. Mo padà dé,
wọ́n ti yí ọ̀nà Ìwó Road po, mo ṣìnà lábẹ́ afárá.
Ọmọ garéèjì kan pariwo: "Jọ́nsìn Ṣẹ̀ṣẹ̀dé!"
Àyà mi já. Ta ló sọ orúkọ mi fún un?
Èmi, tí ìwọ́ mi wà lábẹ́ ilẹ̀ Kúdẹtì!

Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé ta ni àlùfáà òyìnbó yẹn wò?
Òjó ni bàbá ńlá wa ń jẹ́ nígbà tó lọ ṣe ìrìbọmi.
Kálámù òyìnbó kò lè gbé ìró náà,
ó kọ Jọ́ọ̀nù. Nígbà tí Òjó bímọ,
wọ́n fi "ọmọ" kún un,
bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ-Òjó ṣe wọ kóòtù jáde.

Mo sọ èyí fún Fálẹ́rì, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà
tó wá kàwé ní Yunifásítì fún ọdún kan.
Jọ́nsìn lòun náà. A ti ń wo imú ara wa bí ẹbí.
Mo ní, "Ta ló fún yín?"
Ó ní, "Ẹni tó ra ìyá bàbá ńlá mi."
Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀:
"Inú ìwé ìrìbọmi ni tiyín ti wá.
Inú ìwé ọjà ni tiwa."
Òjò ń rọ̀. Mo bu ẹ̀pà fún un.
N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní Adéọ̀yọ́, Fadérera bímọ.
Obìnrin ni. Ìwọ́ wé e lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì,
nọ́ọ̀sì sáré tú u, ọmọ ké.
Àǹtí Wúràọlá kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.
Ó ní, "Àìná, káàbọ̀. Òjó ńkọ́?"
Ó ṣí ike funfun,
ó rọra da àtíkè sójú ibi tí ìwọ́ lọ́ mọ́.

Akọ̀wé ṣì ń dúró. Mo ní, "Àìná."
Ó kọ ọ́. Ó ní, "Jọ́nsìn yìí,
ṣé kì í ṣe ọmọkùnrin ló túmọ̀ sí? Obìnrin lẹ bí."
Mo ní kó ṣáà máa kọ ọ́ lọ.
Ó dúró láàárín ọ̀rọ̀. "Ṣé 'h' wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà níbẹ̀.
A kì í pè é,
ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.